Ṣé ẹni tí ń bá Ọlọ́run jà ṣì gbẹ́kẹ̀ lé E? Ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ àwọn Júù

Olùtọ́jú Òru (ọjọ́ Ajé, aago 7:40 àárọ̀)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé kan tó jẹ́ pé àwọn Júù ló pọ̀ jù níbẹ̀, òru ni mo sì ń ṣe é. Màmá kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ń ṣàìsàn, tí àwọn dókítà sì ti sọ pé agbára àwọn ti pin. Ní alẹ́, bí mo bá ń tún ibùsùn rẹ̀ ṣe, màmá yìí á máa bá Ọlọ́run jà. N kò sọ pé ó ń gbàdúrà, ìjà ni. Á máa bi Í pé kí ni Ó fẹ́ fi ọmọ òun ṣe, pé àbí Ó ti sùn ni. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde ni àdúrà kúkúrú kan ní èdè Hébérù, tí ó túmọ̀ fún mi pé ọpẹ́ ni fún Ọba alààyè tí Ó dá ẹ̀mí òun padà fún òun.

Mo bi í léèrè pé èwo nínú méjèèjì ni ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ní ìlú tí mo ti wá, ṣé àwọn ọmọ kì í bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ ni.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé àbúrò mi ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, owó ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni à ń sá kiri láti rí. Àwọn ará ìjọ mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi ẹnu mi sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, nítorí ẹni tó bá sọ ọ́ ti da ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ó di oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìsìn àwọn Júù fi kọ́ ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ (ọjọ́ Ajé, aago 10:05 àárọ̀)

Olùtọ́jú Òru, ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọlọ́run yóò gbọ́ ti àbúrò yín. Ẹ̀kọ́ nípa ìsìn ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Júù ní lórí èyí. Àkọ́kọ́ ni emunah, tí à ń pè ní ìgbàgbọ́; èkejì ni bitachon, tí ó jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé. Àwa náà ní méjèèjì, àmọ́ a máa ń lò wọ́n bí ẹni pé ìbejì tí a kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ ni wọ́n.

Orísun kan náà ni emunah àti “àmín” tí gbogbo wa ń ṣe ti wá, ohun tí ó dúró gbọn-in ni ó sì ń tọ́ka sí. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 17. Nígbà tí Ísírẹ́lì ń bá Ámálékì jagun ní Réfídímù, ọwọ́ tí Mósè nà sókè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé òkúta fún un jókòó lé, Áárónì gbé ọwọ́ kan ró, Húrì gbé èkejì ró, ẹsẹ kejìlá sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin títí oòrùn fi wọ̀. Ní ibi tí a ti ka “dúró ṣinṣin” yìí, emunah ni ó wà nínú Hébérù. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe, àwọn méjì mìíràn ni wọ́n sì bá a gbé e.

Àdúrà òwúrọ̀ tí màmá yẹn ń gbà ni wọ́n ń pè ní Modeh Ani, bí obìnrin bá sì ń gbà á, Modah Ani ni yóò sọ. Ọ̀rọ̀ tí ó fi parí, inú Ẹkún Jeremáyà 3:23 ni ó ti wá, ibi tí Bíbélì Yorùbá ti sọ pé “títóbi ni òtítọ́ rẹ.” Emunah náà ni wọ́n túmọ̀ sí òtítọ́ níbẹ̀, ti Ọlọ́run sì ni, kì í ṣe ti ènìyàn. Ẹni tó jí lówúrọ̀ kò tíì fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ yangàn. Ó ń dúpẹ́ pé Ẹni tó fi ẹ̀mí pamọ́ sí lọ́wọ́ lálẹ́ kò sẹ́ ohun tí a fún Un tọ́jú.

Ẹ má sì gbàgbé irú ìwé tí wọ́n ti mú un. Orin ọ̀fọ̀ ni, lórí Jerúsálẹ́mù tí àwọn ará Bábílónì dáná sun ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Kristi. Títí di òní, orí ilẹ̀ tàbí àpótí kúkúrú ni àwọn Júù máa ń jókòó sí kà á ní alẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ Tisha b’Av. Nínú orí kẹta yẹn kan náà, ní ẹsẹ 44, ẹni tó ti sọ pé òtítọ́ Rẹ tóbi yí padà ó ní, O ti fi àwọsánmà bo ara Rẹ kí àdúrà má baà kọjá. Nítorí náà, màmá tí ẹ ń tọ́jú kò dá àṣà tuntun sílẹ̀. Ohun tó wà nínú orí kan ṣoṣo ni ó pín sí alẹ́ àti òwúrọ̀.

Dúró-Gbọn-in (ọjọ́ Ajé, aago 1:22 ọ̀sán)

Ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin àwọn Júù, fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ni pé kí ènìyàn fi ìbùkún fún Ọlọ́run lórí ibi gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lórí ire. Ó wà nínú Mishnah, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu àwọn rábì, ní apá tí wọ́n ń pè ní Berakhot, orí 9. Títí di òní, bí Júù bá gbọ́ ìròyìn ikú, ohun tí yóò sọ ni pé ìbùkún ni fún Onídàájọ́ òtítọ́.

Talmud, ìwé ńlá tí àwọn rábì ti ṣàlàyé Mishnah, tún sọ ìtàn Rábì Akiva, tí ó dé ìlú kan tí wọn kò fún un ní ibùsùn, tí ó sì lọ sùn sí pápá pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àkùkọ àti àtùpà. Afẹ́fẹ́ pa àtùpà, ológbò pa àkùkọ jẹ, kìnnìún pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ. Èsì rẹ̀ kò yí padà: ohun gbogbo tí Aláàánú bá ṣe, fún ire ni. Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ ogun wọ ìlú tí wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ká ní àtùpà ń tàn tàbí àkùkọ kọ, ìbá ti bá wọn lọ. Ẹni tó mọ ìtàn yìí, kí ni ó tún ń bá Ọlọ́run jà lé lórí? Ẹnu ni a fi ń ba nǹkan jẹ́, ẹnu náà ni a sì fi ń tún un ṣe.

Akàwé-Lálẹ́ (ọjọ́ Ajé, aago 9:48 alẹ́)

Ọ̀gá Dúró-Gbọn-in, ìtàn tí ẹ sọ pé pérépéré. Àmọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tirẹ̀ ni kìnnìún pa, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sùn sí pápá. Kò lọ bá ẹlòmíràn tí kìnnìún pa ẹran rẹ̀ kí ó sọ fún un pé fún ire ni. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe bí ọ̀rẹ́ fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Láti inú ìtàn wọn ni àwọn rábì ti yọ òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé títí di òní, pé ẹni tó lọ kí ọlọ́fọ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ọlọ́fọ̀ yóò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Jóòbù 13:15, “bí ó tilẹ̀ pa mí, síbẹ̀ èmi ó máa gbẹ́kẹ̀ mi lé e,” jẹ́ ẹsẹ tí gbogbo wa ti há sórí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ ní Hébérù tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, “kò” ni; bí wọ́n ṣe ń kà á jáde, “sí i” ni. Mishnah, ní Sotah orí 5, kò fi èyí pamọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí òṣùwọ̀n: ṣé mò ń retí Rẹ̀ ni, àbí n kò retí? Ẹsẹ mìíràn ní orí 27 ni ó fi dá ẹjọ́ náà pé ìfẹ́ ni Jóòbù fi sin Ọlọ́run. Wòlíì Hábákúkù tó sọ pé olódodo yóò yè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, “Olúwa, èmi ó ti ké pẹ́ tó” ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Orin Dáfídì 88 tilẹ̀ wà tí kò padà sí ìyìn rárá. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù ni Rábì Kalonymus Kalman Shapira, olórí àwọn Hasidi (ẹgbẹ́ olùfọkànsìn kan láàárín àwọn Júù) ní ìlú Piaseczno nítòsí Warsaw ní Pólándì, tí a bí ní 1889. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí Warsaw ní oṣù Kẹsàn-án 1939, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo fara gbọgbẹ́, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bọ́ǹbù pa ìyàwó ọmọ náà pẹ̀lú ní ẹ̀bá ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí rábì yìí tún dìde wàásù fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó kan ibi tí Jẹ́nẹ́sísì ti sọ nípa ikú Sárà. Àwọn àgbà ti ṣàkíyèsí tipẹ́ pé ikú rẹ̀ tẹ̀ lé ìtàn bí Ábúráhámù ṣe fẹ́ fi Ísáákì rúbọ. Shapira ní ńṣe ni Mósè mọ̀ọ́mọ̀ fi méjèèjì ti ara wọn láti bẹ̀bẹ̀ fún wa, láti fi han Ọlọ́run pé bí ìyà bá kọjá ohun tí ènìyàn lè gbé, ó lè fọ́ ọ. Àti pé Sárà fúnra rẹ̀ fi ikú rẹ̀ ṣe ẹ̀bẹ̀ náà nítorí Ísírẹ́lì. Ẹ rò ó wò: bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ ni ó ń sọ èyí láàárín ìjọ, tí ó ń sọ fún Ọlọ́run pé ó tó gẹ́ẹ́, tí kò sì kúrò níwájú Rẹ̀.

Ó ń wàásù lọ títí di oṣù Keje 1942, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi odi sé àwọn Júù mọ́ àdúgbò kan láti oṣù Kọkànlá 1940. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án 1942, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá ènìyàn, ìyẹn 260,000 ó lé, ni wọ́n kó lọ sí Treblinka, ibùdó tí àwọn Násì ti ń pa àwọn Júù. Ó ti kọ ọ́ ṣáájú pé irú ìpọ́njú báyìí ti bá Ísírẹ́lì rí, ṣùgbọ́n ní òpin 1942 ó padà sí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sí etí ìwàásù náà pé ọ̀rọ̀ òun tọ̀nà títí dé òpin ọdún 5702 ti àwọn Júù nìkan, èyí tó parí ní oṣù Kẹsàn-án 1942, nítorí pé irú èyí tó dé lẹ́yìn náà kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní tèmi o, àtúnṣe etí ìwé yìí jẹ́ ìgbàgbọ́ ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ: kò purọ́ fún Ọlọ́run. Wọ́n pa á ní oṣù Kọkànlá 1943. Àwọn ìwé rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sínú agolo irin ńlá tí wọ́n fi ń ru wàrà. Wọ́n hú u jáde ní 1950, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1960 pẹ̀lú àkọlé Esh Kodesh, ìyẹn Iná Mímọ́.

Tawakalitu Ọmọ Ìlọrin (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:30 àárọ̀)

Mùsùlùmí ni mí, orúkọ mi ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. Gbogbo ìyá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Tawakalitu, ohun tó ń sọ ni pé mo gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Bahya ibn Paquda, Júù ará Sípéènì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, èdè Lárúbáwá ni ó fi kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ojúṣe ọkàn, tawakkul gan-an ni ó sì pe orí kẹrin rẹ̀. Ìgbà tí Judah ibn Tibbon túmọ̀ ìwé náà sí Hébérù ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó di bitachon. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, bí ènìyàn bá ti gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run báyìí, kí ni owó ẹ̀rọ tún wà fún?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ Kan (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:15 àárọ̀)

Arábìnrin mi Tawakalitu, Bahya náà dáhùn rẹ̀: ó ní kí ènìyàn lo gbogbo ọ̀nà tó wà, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó lo oògùn, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọkàn tẹ ọ̀nà náà bí ẹni pé òun ni Ọlọ́run. Láti inú Ẹ́kísódù 21:19, tó ní kí ẹni tó ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ léṣe mú kí ó rí ìwòsàn, ni Talmud ti yọ ọ́ pé a fún oníṣègùn láṣẹ láti wo ni sàn. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, wọ́n gbọ́dọ̀ ba Ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ láti gbà á là, nítorí Ọlọ́run ní kí a máa yè nípa òfin òun, kì í ṣe kí a kú nípa rẹ̀. Wọ́n tún ní a kì í gbójú lé iṣẹ́ ìyanu.

Ibi kan wà nínú Berakhot tí mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ mi. Wòlíì Aísáyà wá sọ fún Ọba Hesekáyà pé yóò kú. Talmud ní ọba dá a lóhùn pé kí ó kó àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kí ó sì máa lọ, nítorí ohun tí wọ́n jogún láti ilé Dáfídì ni pé, bí idà mímú tilẹ̀ wà ní ọrùn ènìyàn, kí ó má ṣe dáwọ́ dúró nínú bíbẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ọ̀rọ̀ wòlíì ni ó ń bá jà yẹn o! Olùtọ́jú Òru, ẹ máa wá owó ẹ̀rọ.

Dúró-Gbọn-in (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:50 alẹ́)

N kò jiyàn lórí oògùn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, bí ìgbẹ́kẹ̀lé kò bá ṣèlérí pé àbúrò yóò yè, kí ni a wá gbẹ́kẹ̀ lé gan-an? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi kú. A ń gbàdúrà lórí rẹ̀ ní gbogbo òru, ní òru tó gbẹ̀yìn ó ṣe mí bí ẹni pé kò ní yè é, mo sì sọ ọ́ fún ìyá mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í lè jókòó ti ẹni tó bá ń sọ irú rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ (ọjọ́rú, aago 5:55 àárọ̀)

Ọmọ mi, jẹ́ kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni ó pa bàbá rẹ.

Rábì Avraham Yeshaya Karelitz, tí wọ́n ń pè ní Chazon Ish, tó kú ní Bnei Brak ní 1953, fi ìwé pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ lórí emunah àti bitachon. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣìṣe àtayébáyé ni láti rò pé ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run gbọ́dọ̀ dá a lójú pé ohun tí òun ń fẹ́ ni yóò ṣẹ. Níwọ̀n ìgbà tí àsọtẹ́lẹ̀ kò bá tíì fi ọjọ́ iwájú hàn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìgbẹ́kẹ̀lé, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, ni kí ènìyàn mọ̀ pé kò sí èèṣì láyé, pé lọ́wọ́ Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ìdáhùn líle ni, n kò sì ní tan ọ́ pé ó máa ń tu ènìyàn nínú lójú ẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn láti fi Maimonides tì í. Òun ni ó to òfin àwọn Júù jọ, òun náà ni ó kọ ọ́ sínú òfin ọ̀fọ̀ pé kí ènìyàn má ṣọ̀fọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ: ọjọ́ mẹ́ta fún ẹkún, ọjọ́ méje fún ìdárò, ọgbọ̀n ọjọ́ fún àìgẹrun. Àbúrò rẹ̀ David, oníṣòwò tí ó ń bọ́ ilé, rì sínú Òkun Íńdíà pẹ̀lú owó tí ó jẹ́ tiwọn àti ti àwọn ẹlòmíràn, ó sì fi opó àti ọmọbìnrin kékeré sílẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó kọ láti Íjíbítì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ákírè, ó ní òun dùbúlẹ̀ àìsàn fún nǹkan bí ọdún kan, pẹ̀lú eéwo àti ibà, díẹ̀ ló kù kí òun kú. Pé ọdún mẹ́jọ ti kọjá, òun ṣì ń ṣọ̀fọ̀. Pé bí òun bá rí ìwé tí àbúrò òun fi ọwọ́ kọ, ọkàn òun á dàrú. Ó ní ká ní kò sí Tórà, ìyẹn Òfin Ọlọ́run, ni, òun ìbá ti ṣègbé nínú ìpọ́njú òun. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ọkùnrin yìí kọ sínú òfin. Kò sí ẹni tó gba àkọlé onígbàgbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Akàwé-Lálẹ́ (ọjọ́rú, aago 8:20 alẹ́)

Mo fẹ́ fi ìtàn kan kún un, tó bá ọwọ́ Mósè tí Bàbá Olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ mu. Rábì Yochanan, tí Talmud sọ pé ọmọ mẹ́wàá ni ó sin, lọ kí Rábì Hiyya bar Abba tó ń ṣàìsàn. Ó bi í pé, ṣé ìyà yìí dùn mọ́ ọ? Ó ní rárá, àti ìyà àti èrè rẹ̀, òun kò fẹ́. Yochanan ní kí ó na ọwọ́, ó sì fà á dìde. Nígbà tó yá, Yochanan fúnra rẹ̀ ṣàìsàn, Rábì Hanina wá kí i, ó béèrè ìbéèrè kan náà, ó gba èsì kan náà, ó sì fa òun náà dìde. Talmud wá béèrè pé, kí ló dé tí Yochanan kò fa ara rẹ̀ dìde? Ó dáhùn pé ẹlẹ́wọ̀n kì í tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n.

Olùtọ́jú Òru, ta ni ó ń na ọwọ́ sí ẹ̀yin?

Olùtọ́jú Òru (ọjọ́ Ẹtì, aago 7:15 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín, pàápàá ọ̀gá Dúró-Gbọn-in tí ó sọ ti bàbá rẹ̀. Mo pe àbúrò mi lánàá, mo sì sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù ti ń ba òun náà, ṣùgbọ́n òun rò pé bí òun bá sọ ọ́, ìgbàgbọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ wó. A sunkún díẹ̀, a sì ṣe ìṣirò owó ẹ̀rọ ti oṣù tó ń bọ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé.

Ó ní kí n fi àwọn Orin Dáfídì tí ẹ mẹ́nu kàn ránṣẹ́, nítorí àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ máa ń wà lórí ẹ̀rọ ní ọjọ́ kan náà, òun yóò sì kà á sí wọn létí. Mo fi 88 ránṣẹ́, mo sì fi 13 kún un. Nígbà tó di alẹ́ ó kọ̀wé padà, ó bi mí bóyá ojú ewé kan ti ya kúrò nínú Bíbélì òun, nítorí òun wá ibi tí ìyìn ti bẹ̀rẹ̀ nínú 88, òun kò rí i. Mo ní kò sí èyí tó ya. Ó ní ó dára, ìyẹn ni òun yóò kọ́kọ́ kà fún wọn.